Rárá Ẹ̀ẹ̀mẹta

Ìyá Eléré ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń pè é. Kò bínú sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi tọ́jú aláìsàn kó tó di olùkọ́. Yàrá ìkọ́ni rẹ̀: ibùsùn onírin méjì, pátákó ìkọ̀wé kan, fèrèsé tí kì í ṣí.

Nígbà tó ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, dókítà kan fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lójú rẹ̀. Ó rí ìgò náà. Kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé aláìsàn. Àgbà ni dókítà. Ẹnu Ìyá Eléré wúwo. Aláìsàn náà kò jí mọ́.

Ìwé kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu bẹ́ẹ̀. Eré ló kọ́ ọ.

Òfin eré rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnì kan á dùbúlẹ̀, aláìsàn nìyẹn. Ẹnì kan á ṣe ọ̀gá, á pa àṣẹ òdì. Nọ́ọ̀sì á sọ pé rárá lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìwo ilẹ̀. Ẹni tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé ti wọ inú eré.

Ilé ni wọ́n ti kọ́ wọn pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, ilẹ̀ là ń wò. Ilẹ̀ kò sì gba ẹnikẹ́ni là rí.

“Rárá tìẹ yìí dà bí ẹni tó ń tọrọ omi,” ló máa ń sọ. “Tún un sọ.”

Ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì ní àfojúdi ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí òun bá tún gbọ́ ariwo eré, òun á ti yàrá náà pa, olùkọ́ á sì lọ máa to fáìlì.

“Mo gbọ́, mà,” ni Ìyá Eléré wí. Gbígbọ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá àgbà já wọlé. Ẹni tó ń ṣe nọ́ọ̀sì dé ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọjọ́ mẹ́ta péré sẹ́yìn. Ìdajì ni wọ́n ti sọ ọ́, nítorí pé ó kúrú. Kò mọ ọ̀gá àgbà rí.

“Ẹ máa lọ sí wọ́ọ̀dù. Eré ti tán.”

“Rárá, mà,” ni Ìdajì dáhùn. “Aláìsàn yìí kò tíì lo oògùn rẹ̀.”

Aláìsàn orí ibùsùn di ojú pinpin. Ikú yá a lára ju ìtìjú lọ.

“Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé rẹ̀.”

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Eléré. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ: ọ̀gá gidi nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí gbólóhùn náà. Kò sọ ọ́.

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, mà. Rárá.” Ojú Ìdajì kò kúrò lójú ọ̀gá àgbà.

Ọ̀gá àgbà yíjú sí olùkọ́. “Ìwọ lo kọ́ ọ ní èyí?”

“Èmi ni, mà. Mi ò sì tíì kọ́ ọ tán.”

Ìlẹ̀kùn dún gbàgà. Nígbà tí wọ́n sọ òótọ́ fún Ìdajì, ẹ̀rù mú un jókòó. “Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé òṣèré lẹ háyà ni.”

“Ó mọ̀ ọ́n ṣe, àbí?”

Lọ́jọ́ Ẹtì, àgádágodo ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́tà náà sì ti dé: yàrá fáìlì, láti ọjọ́ Ajé. Ìyá Eléré kà á tán, ó fi í sápò. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde, ó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí koríko, lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà gan-an.

“Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ. Òní kọ́. Ta ló fẹ́ ṣe ọ̀gá?”

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè.