Àtíbàbà Ẹ̀yìnkùlé Wa

Lánàá, káfíńtà kan ń rẹ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí mò ń gbé. Bí òórùn igi tútù ṣe wọ yàrá mi, ẹ̀yìnkùlé wa ní Òmù-Àrán ni ọkàn mi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi, tó ń kan òrùlé fún gbogbo àdúgbò, ń so àtíbàbà mọ́ ògiri ẹ̀yìn ilé wa, kí oòrùn má baà máa pa ìyá mi nídìí ààrò. Èmi àti ìyá mi ń bó ẹ̀gúsí. Bàbá gbé hámà sókè, ó tàsé ìṣó. Ó tún gbé e, ó bá àtàǹpàkò rẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ tún tàsé!"

Òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni hámà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lórí àkàbà, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ àlejò.

"Bàbá Dúpẹ́," ìyá mi fi orúkọ mi pè é, "ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ìṣó mẹ́ta péré ló kù."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ó sọ̀. Ìyá mi tún ìró rẹ̀ ró gírígírí, ó mú hámà nílẹ̀, ó gun àkàbà. Mo ti di ìyá ọmọ kí n tó mọ̀ pé àìsàn tó padà dá bàbá mi dùbúlẹ̀ ló kọ́kọ́ yọjú lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Aládùúgbò wa kan ń kọjá. "Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìyàwó lẹ wá sọ di ọmọṣẹ́?"

"Ó ń kọ́ṣẹ́ ni," bàbá dáhùn, ó sì ti ọwọ́ náà bọ àpò.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nílẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò bojú wẹ̀yìn. Ìṣó tó ti wọlé tán ló ṣì ń kàn.