Ojú Oró Inú Kòtò Kátápílà

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin tó ń sin ẹja lẹ́yìn ilé wa ní Ore, kó ojú oró kún báàfù kan, ó ń dà á sórí omi kí oòrùn má baà se àwọn ẹja rẹ̀. Òórùn gbòǹgbò tútù yẹn, òórùn ẹrẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ rírẹ, gbá mi nímú, ara mi ò sì balẹ̀ mọ́.

"Mama, inú kòtò ẹ̀yìn ilé epo ni mo ti kó o," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá ju ẹyọ kan sómi, kò ní í pẹ́ tó fi máa bí ogún. Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ gbé e débẹ̀?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo wọlé lọ. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí kòtò náà ṣe débẹ̀. Nígbà tí owó epo ń rọ̀ bí òjò, tí wọ́n ń la ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bìní kọjá lára oko wa, kátápílà wá wú ilẹ̀ pupa lẹ́yìn abúlé, wọ́n kó o lọ ṣe títì, wọ́n sì fi ihò sílẹ̀ fún wa. Òjò kún un. Odò jìnnà, ìyá mi àti àwọn obìnrin yòókù bá sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ pupuru. Wọ́n á di ẹ̀gẹ́ bíbó sínú àpò, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á rì í sómi títí yóò fi rọ̀, kí wọ́n tó fún un, kí wọ́n mọ ọ́n rogodo, kí wọ́n sì yan án lórí iná. Àwa ọmọdé gbà pé nítorí pupuru ni ìjọba ṣe gbẹ́ ẹ.

Àṣàkẹ́ ni ọ̀rẹ́ mi. Apá Ìwó ni bàbá rẹ̀ ti wá dá oko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sin ọmọ méjì kó tó bí Dúrójayé, nítorí náà bí ọmọ ọwọ́ yẹn bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, Àṣàkẹ́ á sáré lọ fọwọ́ kan àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ìyá mi gbé e sókè, ó ní, "Ojú oró ní í lékè omi, ọma yìí á lékè." Gbogbo ilé ṣe àmín. Àṣàkẹ́ fà mí sẹ́yìn.

"Tí kò bá wá sí ojú oró nínú omi tiwa ńkọ́?"

Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó rò pé òun gbọ́n, ní kò sí wàhálà, a máa wá a ni.

Nígbà tí mo tẹ̀ lé àbúrò bàbá mi obìnrin lọ sí Agbabu, mo mú ojú oró mẹ́ta nínú odò ibẹ̀, mo gbé e wálé nínú agolo mílíìkì. Àwa méjèèjì gbé e lé omi kòtò, a sì ń lọ wò ó láràárọ̀. Mẹ́ta di mẹ́sàn-án, ó di èyí tí a ò lè kà mọ́. Dúrójayé náà ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú wa dùn débi pé a ò lè jẹun. Kí òjò ọdún náà tó dá, ewé tútù ti bo omi láti etí dé etí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Okùn àpò ẹ̀gẹ́ sọnù sábẹ́ ewé, ti ìyá mi sì pẹ́ nínú omi títí ó fi jẹrà. Àwọn obìnrin kó àdá àti ọ̀pá jáde, wọ́n ń wọ́ ojú oró sórí ilẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà dá Dúrójayé dùbúlẹ̀. Àṣàkẹ́ bẹ́ sómi, ó di ẹyọ kan mọ́ àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kó o tán! Àbúrò mi á kú!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá mi ní, "Ta ló gbé nǹkan yìí débí?"

Àṣàkẹ́ wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Kò dárúkọ mi.

Wọ́n ní ọmọ àlejò ti ba omi àwọn jẹ́, kí ìyá rẹ̀ má rẹ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ mọ́. Kòkó bàbá rẹ̀ ò tíì so, pupuru yẹn sì ni wọ́n gbójú lé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó ẹrù sínú ọkọ̀ agégẹdú. Orí ẹrù ni Àṣàkẹ́ jókòó sí, agolo mílíìkì wa lọ́wọ́ rẹ̀, ewé kan yọrí níbẹ̀. Ibà ọmọ náà ò tíì lọ. Títí dòní, n ò mọ̀ bóyá Dúrójayé dúró.

Àwọn ìyá ọjọ́ yẹn ti sùn. Oko kòkó ti di ilé epo àti gáréèjì, inú ike ni wọ́n sì ń rẹ ẹ̀gẹ́ báyìí. Ojú oró nìkan ni kò ṣí lọ. A ṣì ń gba àdúrà yẹn níbi ìkómọ, mo máa ń ṣe àmín, àmọ́ Dúrójayé ni mo máa ń rántí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo padà lọ bá Ṣẹ́gun. Ó tilẹ̀ ti gbàgbé pé òun bi mí ní nǹkan.

"Èmi ni mo gbé ojú oró dé inú kòtò yẹn," mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ah, Mama, ẹ ṣeun o! Ẹja mi ń gbádùn ẹ̀."

Mo ti sọ ọ́ wàyí, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀.