Bí Láptọ́ọ̀pù Mi Ṣe Mú Ìyá Kpalsi Dé Ilé Ọmọ Rẹ̀

Àgbò ni a kọ́kọ́ gbé sórí ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó wọlé. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa, àwọn tó kírun àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Fatawu gun òkè ọkọ̀, èmi ń ti ìdí àgbò láti ìsàlẹ̀, àgbò ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Ìyá Kpalsi dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú híjáàbù funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ó ń wò wá.

"Ẹ rọra o! Ẹran lẹ ń gbé yẹn, kì í ṣe àpò ṣìmẹ́ńtì."

Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ṣe jẹ́ kó wà lẹ́yìn pẹ̀lú yín?"

"Pẹ̀lú aṣọ tí mo fẹ́ fi kírun? Haba!"

Ìyá Kpalsi ni àbúrò bàbá mi obìnrin. Kpalsi ni àdúgbò tó ń gbé ní Tamale, ibẹ̀ la fi ń pè é. Bàbá àwọn méjèèjì ló kó aṣọ láti Inísà wá tà níhìn-ín láyé àwọn òyìnbó. Bàbá mi padà sílé, àbúrò rẹ̀ lọ́kọ síbẹ̀, ó sì dúró. Fatawu ni àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Kumasi ló ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ bí èmi náà ṣe wá láti Ìlọrin. Ẹ̀yin ará ilé ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rí lọ́nà ránṣẹ́ sí yín. Èyí tí mo rí lọ́jọ́ yìí ju ọ̀nà lọ.

Kò pẹ́ tí mo dé ni Fatawu gbọ́ pé Sàlámátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọmọkùnrin. Sàlámátù nìkan ni ọmọbìnrin tí Ìyá Kpalsi ní. Ó fẹ́ tíṣà kan tó jẹ́ Dagomba, Alhassan lorúkọ rẹ̀, ó sì bá a lọ sí abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Gbandayili. (Yili ni wọ́n ń pe ilé ní èdè Dagbani, ìdí nìyẹn tí ìlú tó ń parí sí yili fi pọ̀ káàkiri níbẹ̀.) Ọmọ Yorùbá ni Ìyá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Láti ọjọ́ náà kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ rí. Sàlámátù máa ń wá kí i nígbà ọdún, títí ọ̀rọ̀ líle fi bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, òun náà kò sì wá mọ́.

Nígbà tí Ìyá gbọ́ nípa ọmọ, ó kàn dìde. Ó wọ yàrá. Lọ́jọ́ kejì ló rán Fatawu lọ sọ́jà ẹran. Bàbá ọmọ ti ra àgbò tirẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n Ìyá ní òun náà máa mú tòun lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Fatawu ní, "Màámi, kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú wa. Ẹ jẹ́ kí n pe sístà."

"O ò gbọdọ̀ pè é. Ṣé kí n máa béèrè ọ̀nà ilé ọmọ tí mo bí ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti rántí láptọ́ọ̀pù mi. Iléeṣẹ́ tí ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, a sì máa ń wá abúlé tí nẹ́tíwọ̀kì fóònù kò dé. Máàpù wà nínú láptọ́ọ̀pù náà látòkè délẹ̀, mo sì ti di ti àríwá Ghana sínú rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ohun kékeré kan bí ọṣẹ ìfọwọ́ ló ń bá a ṣiṣẹ́, GPS la ń pè é. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nídìí rẹ̀. A ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé ọkọ̀, wáyà rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé sára láptọ́ọ̀pù. Yóò máa gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè, àmì yẹn ló sì ń jẹ́ kí máàpù mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Mo kọ Gbandayili sínú rẹ̀, ó sì gbé e jáde, àmì róbótó kékeré kan bí hóró iyọ̀ láàárín igbó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jáde ní Kpalsi: Fatawu ló ń wa ọkọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù lórí itan, Ìyá wà lẹ́yìn, àgbò wà lókè.

Tamale kì í sùn pẹ́. Àwọn obìnrin ló yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀, híjáàbù lórí, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Alùpùpù yìí ni wọ́n ń pè ní mọ́tò. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, Fatawu ní kí n wọ mọ́tò lọ sọ́jà, mo sì dúró sẹ́bàá ọ̀nà, mò ń retí ọkọ̀! A dúró ra kóko àti kósé. Kóko ni ògì ọkà bàbà tí wọ́n fi atalẹ̀ àti ata sí, kósé sì ni àkàrà wa gan-an. Sídì márùn-ún ni mo san, mo yó, mo tún fún Fatawu nínú rẹ̀.

Bí a ti ń jáde lọ́nà Salaga, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ohùn obìnrin ni, ó ń sọ gẹ̀ẹ́sì pé ká yà sápá ọ̀tún níwájú.

Ìyá ta gìrì lẹ́yìn. "Ta nìyẹn?"

"Kì í ṣe ènìyàn, Ìyá. Ẹ̀rọ ni."

"Ó ń pàṣẹ bí ìyálé." Ó na ọrùn síwájú. "Fatawu, ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò ní dá a lóhùn ni?"

"Màámi, kì í gbọ́ èsì."

"Toh. Ìyálé ni lóòótọ́."

A kọjá Vittin, níbi tí ilé tuntun ti ń yọ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, oko la bọ́ sí. Òjò ọdún yẹn ti ń parí. Wọ́n to iṣu jọ sẹ́bàá ọ̀nà bí igi ìdáná, wọ́n ń ká ẹ̀pà, àwọn ilé róbótó oníkoríko jókòó ní agbo-agbo. Igi òrí dúró láàárín oko, wọn kì í gé e, àwọn tiwa lọ́hùn-ún náà kì í gé e. Títì dára títí a fi yà kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Láti ibẹ̀, ńṣe la ń fò sókè sódò bí ẹ̀wà tí wọ́n ń fẹ́. Mo gbá láptọ́ọ̀pù mú bí ọmọ ọwọ́.

Ibẹ̀ ni ọfà kékeré tó dúró fún ọkọ̀ wa lórí máàpù ti dúró sójú kan. Ọkọ̀ ń lọ, ọfà kò lọ. Obìnrin inú ẹ̀rọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́.

"Fatawu, dúró ná."

A bọ́ sílẹ̀. Mo gbójú sókè. Àgbò Ìyá wà lórí ikùn rẹ̀ níbi tí a so ó mọ́, ó rọra ń jẹnu, wáyà dúdú kan sì ń rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀.

Fatawu kígbe, "Wallahi, ó ti jẹ sátẹ́láìtì!"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, ìbínú tẹ̀ lé e, ẹ̀rín sì tún padà. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo ọ̀nà tí a bá wá, ó wo iwájú. Àgbàdo ló wà lápá ọ̀tún, ẹ̀pà lápá òsì, kò sí ènìyàn kankan.

Ó ní, "Wọn ó ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí a tó débẹ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ò wá ní jẹ́ kí a pe Sàlámátù báyìí?"

"Mo ní rárá."

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mẹkáníìkì ni Fatawu. Ó mú abẹ àti téèpù dúdú jáde lábẹ́ ìjókòó. Èmi mọ̀ pé wáyà tín-ín-rín mẹ́rin ló wà nínú wáyà yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. A bó ojú wọn, ṣùgbọ́n ìka Fatawu tóbi jù, èmi ò sì mọ bí a ṣe ń lọ́ wọn.

Ìyá ní, "Gbé e wá." Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń ká etí gèlè àti ìborùn tó ń tà. Ó jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ète mú téèpù, ó ń lọ́ wáyà. "Pupa mọ́ pupa. Funfun mọ́ funfun. Èwo ló kù?"

"Aláwọ̀ ewé, Ìyá, àti dúdú."

Nígbà tó parí, mo tan láptọ́ọ̀pù. A dúró. Ọfà kò sí. A tún dúró. Fatawu ń ka Bísímílà. Lẹ́ẹ̀kan náà ọfà yọ, ó fò kúrò níbi tó dúró sí látẹ̀yìn, ó sì wá bá wa lójú ọ̀nà pupa níbi tí a wà gan-an.

"Madalla!" ni Fatawu wí, ó sì gbá òrùlé ọkọ̀, àgbò dáhùn.

Wáyà ti kúrú báyìí, kò lè dé òrùlé mọ́. A ní láti di GPS náà mú sẹ́nu gíláàsì iwájú. Ìyá ní òun tí òun tún un ṣe lòun máa dì í mú, ó sì wá síwájú. Mo gbé láptọ́ọ̀pù lé e lórí itan, èmi lọ sẹ́yìn. Bí a ti ń lọ ló ń bi mí léèrè: kí ni ìlà búlúù yìí? Odò. Àmì kékeré yìí ńkọ́? Abúlé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Inú rẹ̀ dùn bí abúlé tó rí lórí máàpù ṣe ń yọ sí i lójú. "Wọ́n ya kànga wọn gan-an síbẹ̀!"

Ó wá na ìka sí igun ìsàlẹ̀. "Nọ́ńbà yìí tó ń dínkù?"

"Ọ̀nà tó kù kí a débẹ̀ ni, Ìyá."

Ó fa láptọ́ọ̀pù súnmọ́ra. Kò wo igbó mọ́, nọ́ńbà nìkan ló ń wò. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tó kù díẹ̀ gan-an, ó ní:

"Dúró, Fatawu."

Fatawu dúró.

"Yí ọkọ̀ padà."

"Màámi? A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀!"

"Mo rí i pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Mi ò fọ́jú." Ó na ìka sí nọ́ńbà náà. "Tí mo bá wọlé, kí ni mo fẹ́ sọ? Níwájú àwọn ìyá ọkọ rẹ̀? Wọ́n á ní, ta nìyí? Wọ́n á ní, ìyá tó kọ̀ wá."

Fatawu pa ẹ́ńjìnnì. A ń gbọ́ tí àgbò ń mí lókè. Ìyá nawọ́ sẹ́yìn láìwò mí.

"Àmọ̀kẹ́, fún mi ní fóònù."

Mo tẹ nọ́ńbà Sàlámátù, mo sì nà án sí i. Ó dún, ó dún, wọ́n gbé e. Fóònù náà pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń gbọ́.

"Sàlámátù. Èmi ni."

"Màámi?"

"Ṣé wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ?"

"Àwọn alfa ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni."

"Ní kí wọ́n dúró."

"Màámi, níbo lẹ wà?"

Ìyá wo láptọ́ọ̀pù. Ó ka ohun tó rí níbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: ọ̀nà pupa, odò kékeré kan níwájú, abúlé lẹ́yìn odò. A gbọ́ ariwo lódìkejì, Sàlámátù ń sunkún, ó sì ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ ní Dagbani, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ní, "Ẹ má gba ibi odò yẹn o, àgbàrá ti gbé afárá rẹ̀ lọ. Alhassan ń bọ̀ wá pàdé yín. Màámi, ẹ má lọ o. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?" ni Ìyá wí.

Alhassan dé lórí alùpùpù pẹ̀lú agbádá funfun tuntun, eruku bò ó dé irùngbọ̀n. Kò dúró kí alùpùpù rẹ̀ sinmi kó tó bẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pupa níwájú ilẹ̀kùn Ìyá. Ní ìlú wọn, ìlóṣòó ni ọkùnrin máa ń lóṣòó kí àgbà. Ó ti kọ́ tiwa. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màámi," ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ yékéyéké. Ìyá ní kó dìde, aṣọ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ gbọn eruku kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Alhassan ṣáájú wa gba ọ̀nà mìíràn. Ní Gbandayili, gbogbo agboolé ń kígbe "Maraaba! Maraaba!", ìyẹn ni ẹ káàbọ̀. Ìyá ọkọ Sàlámátù, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, di ọwọ́ Ìyá mú, ó sì mú un kọjá láàárín àwọn alfa láìtọrọ ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè tó ti ń bẹ̀rù. Sàlámátù jókòó sórí ẹní. Ìyá jókòó tì í, ó gba ọmọ. Sulemana ni alfa sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, oyin àti iyọ̀ ìbá tẹ̀ lé e, obì ni wọ́n pín kiri níbẹ̀. Ìyá tẹ ẹnu mọ́ etí ọmọ, ó sì fún un ní oríkì tirẹ̀: Àjàní. Àwọn ìyàwó ilé ń gbìyànjú rẹ̀ kiri agboolé, "Ajani, Ajani", títí ọjọ́ fi kanrí.

A jẹ wasawasa, èlùbọ́ iṣu tí wọ́n fi ooru omi sè, tí wọ́n da ata àti àlùbọ́sà sí. Alhassan ní àgbò tí Màámi gbé wá kò ní kú lọ́jọ́ náà. Ó dà á sáàárín àwọn àgùntàn rẹ̀, ó ní ti ọmọ ni, kí àwọn àgùntàn máa ti ara rẹ̀ bí sí i.

Nígbà tí a dìde pé ká máa lọ, Ìyá wò wá bí ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ. "Ta ló máa wẹ ọmọ?"

Èmi àti Fatawu nìkan la padà. Mo ti ń fi ẹ̀rọ yìí wá abúlé kiri láti ìgbà pípẹ́, ọ̀nà tó kù ká débẹ̀ kì í sì í ju nọ́ńbà lásán lọ lójú mi. N kò rò ó rí pé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kan náà lè máa ka nọ́ńbà yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo rò pé n ó máa wo ojú àwọn tí mo bá ń gbé lọ báyìí.

Oòrùn ń lọ wọ̀ nígbà tí a dé Kpalsi. Obìnrin tó ń ta epo lójúde bi wá pé níbo ni Màmá wà.

Fatawu ní, "Ó wà nílé ọmọ rẹ̀."

A kò tíì bọ́ bàtà tí fóònù fi dún. Ìyá ni. Ó ní ká kó ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín òun bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí a má sì pẹ́ o, nítorí àwọn ará ibẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ ọmọ.