Wáyà Tí Jọọlá Rì Mọ́lẹ̀ fún Dára

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Jọọlá, ẹ ri wáyà inú ilé mọ́ inú yanrìn. Oníṣẹ́ iná ni, òun nìkan la sì ní ní abúlé wa létí òkun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayétòrò. Mo ti rí i tó fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ yọ lójú onílé, tó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní kí gbogbo ayé wá wo ikú tí ọkùnrin náà fi owó ara rẹ̀ rà.

A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Lọ́dọ̀ wa, omi iyọ̀ ń jẹ ìṣó, ó ń jẹ páànù, ó ń jẹ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Bí wáyà lásán bá pẹ́ díẹ̀ nínú yanrìn, rọ́bà ara rẹ̀ á sán, omi á kan bàbà inú rẹ̀, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ibẹ̀ lè má dìde mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti Ṣìkẹ́mi ìyàwó rẹ̀ bí. Olúwadárasími lorúkọ rẹ̀, Dára la ń pè é. Ọmọbìnrin náà yájú. Kò bẹ̀rù omi, kò bẹ̀rù ajá, kò bẹ̀rù èmi gan-an. Òkùnkùn nìkan ló ń bẹ̀rù. Ilé pákó ni gbogbo wa ń gbé, kò sì sí ohun tí aládùúgbò kì í gbọ́. Bí Jọọlá bá ti na ọwọ́ sí suwíìṣì, ohùn ọmọ náà á dé ọ̀dọ̀ wa: “Bàbá mi, ẹ má pa iná o!”

Ibà ló mú un lọ. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n kọrí sí Igbókòdá, kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ẹ̀pà ò bóró mọ́. Ẹkún tí Ṣìkẹ́mi sun lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ rántí rẹ̀.

Àwọn àgbà ìjọ ló sin ín sí itẹ́ òkú tó wà lápá òkun, nítorí a kì í jẹ́ kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Ṣìkẹ́mi pa àṣà náà mọ́. Kò béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Bó bá sì ń lọ ra ẹja létí òkun, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Jọọlá ní tirẹ̀ kò lè fara dà á. Ó bẹ Bàbá Pétérù, olórí àwọn àgbà ìjọ, títí bàbá fi júwe ibẹ̀ fún un. Ọjọ́ tó débẹ̀ ló sọ pé òun máa fa iná dé orí oórì ọmọ òun.

Bàbá Pétérù ní, “Jọọlá, òkú kì í bẹ̀rù òkùnkùn.”

“Dára ń bẹ̀rù rẹ̀, Bàbá,” ni Jọọlá fèsì.

Ó ti ní sólà àti bátìrì nílé, wáyà ló kù. Mo bá a lọ sí Igbókòdá nítorí mo fẹ́ ra àwọ̀n, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù mí pa nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Godspower tó ń ta wáyà kọ́kọ́ gbé èyí tó fẹ́lẹ̀ wá. Jọọlá ní ti inú ògiri nìyẹn. Godspower ní kó tì í bọ inú páìpù. Jọọlá ní páìpù á fọ́, omi á sì dúró sínú rẹ̀. Ó fi abẹ ha ẹnu òmíràn, ó rí i pé kì í ṣe bàbà, ó dá a padà. Wáyà tí wọ́n ń pè ní àmọ́dù ló mú níkẹyìn: bàbà wà nínú, rọ́bà bò ó, okùn irin wé rọ́bà náà yíká, rọ́bà dúdú mìíràn tó yi tún wà lórí gbogbo rẹ̀. Èyí tó nípọn ló yàn, nítorí ọ̀nà jìn, bí bàbà inú rẹ̀ bá tín-ín-rín, iná á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé e ní odidi. Wáyà abẹ́ ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ní oríkèé, ibi tí a bá ti so ó ni omi iyọ̀ ń gbà wọlé.

Godspower bi í pé, “Ọ̀gá, ilé ta lẹ fẹ́ fa iná sí tó báyìí?”

“Ulé ọma mi,” ni Jọọlá wí.

Godspower kí i kú oríire ilé. Ó ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ náà pẹ́ níbẹ̀. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Jọọlá gbẹ́ kòtò náà jìn dé itan. Ó ṣa ìkarahun inú rẹ̀ kúrò kí ó má baà gé rọ́bà, ó tẹ́ wáyà sórí yanrìn kíkúnná, ó bò ó, ó wá to pákó ọkọ̀ àlòkù lé e lórí kí ṣọ́bìrì ẹnikẹ́ni má baà bà á. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, á tẹ suwíìṣì nínú ilé, gílóòbù kékeré kan á sì tàn lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun. Ṣìkẹ́mi kò yọjú wò ó rí. Aṣọ ló fi bo fèrèsé tó kọjú síbẹ̀.

Òkun wa kì í jókòó sójú kan. Ó ti gbé ọjà wa, ó ti gbé ilé ìwé. Nígbà tó sún mọ́ itẹ́ òkú, Bàbá Pétérù kéde pé kí oníkálukú wá kó òkú rẹ̀ lọ sápá igbó, ṣùgbọ́n òkú ọmọdé, ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Jọọlá kúnlẹ̀ bẹ ìyàwó rẹ̀.

Ṣìkẹ́mi ní, “Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́ kí n sin ọma mi ni? Ẹ jẹ́ kó sùn.”

Mi ò dá a lẹ́bi. Ìyá wo ló máa ní kí wọ́n hú ọmọ òun? Jọọlá ní òun á tún bẹ̀ ẹ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òkun kò dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí omi fà sẹ́yìn, itẹ́ òkú ti lọ, tòun ti àgbélébùú àti orúkọ. Gbogbo wa ń sáré kiri létí omi, èmi ń wá ibi tí ìyá mi wà, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí tirẹ̀ wà mọ́. Jọọlá nìkan ló mọ̀. Ó tọ pákó tó tò sórí wáyà rẹ̀ dé ibi tí ilẹ̀ ti gé. Wáyà náà yọ jáde láti inú yanrìn, ó rọ̀ sórí omi, kò já, gílóòbù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ó yọ pláyà láti gé e, nítorí wáyà tó rọ̀ sójú omi lè pa apẹja.

Iná náà tàn mọ́ ọn lójú. Ẹnì kan ti tẹ suwíìṣì nílé.

A bojú wẹ̀yìn. Ṣìkẹ́mi ló ń bọ̀ láti ilé, ó ń tẹ orí pákó wọ̀nyẹn bọ̀, ọ̀nà tí kò gbà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ rẹ̀.

“Níbo ló wà?” ló béèrè.

Jọọlá nawọ́ sí abẹ́ iná náà. Omi nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣìkẹ́mi wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí pláyà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Dára, ẹ má pa iná o.”

Jọọlá ti pláyà bọ àpò.