Ọkùnrin Tó Ń Kó Ẹrẹ̀ Gọ́tà Wa

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ọkùnrin tó ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà àdúgbò wa ní Ọgbà, l'Ékòó, mú fọ́ọ̀mù kan wá bá mi.

Kì í wọlé. Ẹnu géètì ló máa ń dúró sí, kí òórùn ara rẹ̀ má baà dà wá láàmú. Kó tó ti ṣọ́bìrì bọ gọ́tà, á kọ́kọ́ da omi ife kan sí i, á máa wo ibi tó ń ṣàn sí. "Omi ni tíṣà tèmi," ni yóò wí.

Ọdún méje ló ti fi kọ́ iṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ó wá fẹ́ lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Mo mú bírò. "Kí lorúkọ rẹ gan-an?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, Baba Gọ́tà lẹ ti ń pè mí látọjọ́ yìí."

"Ó yá, sọ ọ́, kí n kọ ọ́."

Ó rọra gba fọ́ọ̀mù náà padà. "Ẹ má ṣèyọnu, mà. Ẹni tó mọ̀ mí ni wọ́n ní kó buwọ́ lù ú."

Ẹlòmíràn ló ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà wa báyìí. N kò mọ̀ bóyá Baba Gọ́tà rí ẹni tó bá a buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀ lónìí.