Àgbò Méjì, Ìyá Kan

Láti abúlé wa títí wọ Ìlọrin, kò sẹ́ni tó mọ àgùntàn sìn tó mi. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó mú tiẹ̀ wá ká jọ wò ó. JS3 ni mo ti já ìwé sílẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú mi ríran dáadáa.

Alhaji, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé GRA, ló fún ìyá mi ní abo àgùntàn kan sìn. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹni tó fúnni ló ṣì ni ìyá ẹran, ẹ ó jọ pín ọmọ, òun ló sì máa kọ́kọ́ mú. Èmi ni mo fa àgùntàn náà lọ sí gáà àwọn Fúlàní kí àgbò wọn gíga yẹn gùn ún. Ó bí akọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ fi ọmú sílẹ̀, Alhaji wá, wọ́n mú èyí tó tóbi jù, tẹ́sẹ̀ iwájú ẹ̀ kan funfun bíi ti ìyá ẹ̀. Èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù fún wa.

Mò ń gé ewé ẹ̀pà fún tèmi, mò ń wá èèpo ẹ̀wà, mò ń fún un lóògùn aràn, ó ń sáré káàkiri. Ti Alhaji ńkọ́? Àárín ògiri àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Búrẹ́dì àjẹkù ló ń jẹ, èéfín ló ń fà símú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wá sí abúlé, wọ́n rí àgbò mi. Ìwo ẹ̀ ti ká.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti pààrọ̀ ẹran mi!"

"Alhaji, ẹ ṣe sùúrù. Ṣebí tiyín ló lẹ́sẹ̀ funfun? Ẹ wo ẹsẹ̀ tèmi."

"Má bá mi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀! Èyí tó tóbi ni mo mú. Èyí tó tóbi ni tèmi."

Walahi, orí mi gbóná. Ẹsẹ̀ funfun yẹn, ara ìyá ẹ̀ ló ti wá, kò sóúnjẹ tó lè pa á rẹ́. Gíga yàtọ̀. Àgbò gáà yẹn fún àwọn méjèèjì légungun gíga, ṣùgbọ́n ṣé búrẹ́dì àjẹkù ló máa fà á ga? Kí n má sì purọ́, ká ní àgbò kúkúrú ilé wa ló gun ìyá wọn ni, gbogbo ewé ẹ̀pà ayé ò lè sọ tèmi di báyìí. Àbímọ́ àti oúnjẹ, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́!

Ìyá mi ti kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá wa."

Alhaji ní, "Tí kò bá pààrọ̀ ẹ̀, á jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìyá ẹran yẹn ni ò dáa. Alápatà á wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ìyá kan náà tó bí tèmi! Ó sì tún lóyún nínú! Ẹnu yẹn náà ló sọ fún ìyá mi nígbà tí mo fìdí rẹmi nílé ìwé pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé tiẹ̀ ni ò mọ̀wé. Lọ́dún yẹn, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń jókòó sí ní kíláàsì, ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, mi ò rí pátákó.

Mo ní, "Alhaji, ẹ gba àgbò mi, kẹ́ ẹ fi ìyá ẹ̀ sílẹ̀ fún wa."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i! Olè ti jẹ́wọ́. Kó o mú un wá kí alápatà tó dé."

Bí wọ́n ṣe lọ, ìyá mi ní, "Jẹ́ kí wọ́n pa á. Orúkọ rẹ sàn ju àgùntàn lọ."

"Màmá, orúkọ mi ò lóyún."

Òní ni Jímọ̀. Àgbò mi ti wà nínú kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa lọ sílé Alhaji. Kí wọ́n pè mí lólè yí GRA po, mo mọ ohun tí mo ṣe. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ti ń pariwo pé ẹran ń fi ìwo ya àga òun. Mo gbọ́dọ̀ máa lọ.