Obìnrin tó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá

Elide Marziali, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, tó ti ń rán ojú bàtà ní Montegranaro, nílẹ̀ Ítálì, láti ọmọ ogún ọdún, gba ìwé ìkìlọ̀ kejì lọ́jọ́ Ajé. Bí ìkẹta bá dé, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ó sì ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Corrado, tó jogún ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, pín ìwé àdéhùn tuntun fún àwọn obìnrin méjìdínlógún tó ń rán awọ. Èdè Ítálì ni ìwé náà, ṣùgbọ́n gbogbo ibi tó ṣe kókó níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn mẹ́tàdínlógún buwọ́ lù ú kí kọfí àárọ̀ wọn tó tutù. Elide mú bírò aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi ń sàmì sára awọ, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́kànlá, ó sì dá ìwé náà padà.

"Màmá Elide, bí gbogbo èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn," ni Corrado wí. "Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin náà kì í pè é bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì rẹ, mo ń fojú mi rí i. Àwọn mọ́kànlá yìí, fi wọ́n hàn mí! Bàbá rẹ lé èèyàn mẹ́fà lọ́dún tí ọjà kú. Èdè tí ìyá rẹ fi ń bá ọ wí ló fi lé wọn. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sunkún sí."

Ìwé ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta wà nínú òun náà. Elide fa ìlà sábẹ́ wọn, ó dá a padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ buwọ́ lù ú," ni Tilde tó ń jókòó tì í bẹ̀ ẹ́. "Agídí ò ṣe é jẹ lálẹ́ o."

"Ìwọ tó o buwọ́ lù ú, kí lo gbà sí?"

Nírọ̀lẹ́, Tilde mú ìwé tirẹ̀ tọ Fausto, aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ. Fausto túmọ̀ ọ̀rọ̀ keje nínú mọ́kànlá náà fún un: ilé iṣẹ́ lè gbé iṣẹ́ rírán fún àwọn ará ìta nígbà tó bá wù ú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Tilde ò tan ẹ̀rọ rẹ̀. Ó nawọ́ sí Elide.

"Ẹ yá mi ní bírò yẹn."

Kó tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́sàn-án ti fagi lé ìbuwọ́lù wọn. Ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn mẹ́jọ tó kù. Corrado kọ ìkìlọ̀ kejì, sí Elide nìkan: kó tọrọ àforíjì, kó buwọ́ lùwé, ọ̀rọ̀ á tán.

"Kó kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ ná," ni Elide wí.

Òfin ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìkẹta. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ní ọ́fíìsì òkè. Fausto yóò bá a lọ.